Àkísà Ìyá Ẹfúnkẹ́ Lórí Àpáta

“Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.” Kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá tí wọn ò tíì pa òwe yìí létí rẹ̀ rí. Wọ́n máa ń fi í bá ọmọ tó bá gbójú sí àgbà wí, ọmọ náà a fajú ro, a bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ta ló ti jókòó bi ara rẹ̀ léèrè pé èwo ni ti àkísà nínú ọ̀rọ̀ náà? Àkísà kì í ṣe ohun iyì. Ẹni tó ní in kì í pàtẹ rẹ̀ fún àlejò wò. Kí ló dé tí àwọn àgbà ò fi ilẹ̀ yangàn, tí wọn ò fi ọmọ yangàn, tó wá jẹ́ àkísà ni wọ́n mú? Ìdí ọ̀rọ̀ náà wà lórí àpáta kan, níbi tí òtútù ti mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹ́ ìyàwó.

Agbókè lorúkọ ìlú náà. Ẹ̀bá òkè ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí, lọ́hùn-ún níbi tí igbó ti tán tí ọ̀dàn ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé sí Agbókè, ètè a là, gìgísẹ̀ a sán, ọmọdé a sì máa sunkún tí wọ́n bá ti gbé omi ìwẹ̀ kalẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni ọkà bàbà ń gbó. Àwọn ará ìlú náà kì í sá ọkà sí àgbàlá. Orí àpáta ńlá kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́yìn ìlú ni wọ́n ń kó o lọ. Oòrùn a yan án lọ́sàn-án, atẹ́gùn a fẹ́ ẹ lóru, ọjọ́ mẹ́ta péré, ọkà a gbẹ. Ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa sùn tì í, nítorí ewúrẹ́, nítorí ọ̀bọ, àti nítorí àwọn tí kì í ṣe ewúrẹ́ tí wọn kì í sì í ṣe ọ̀bọ.

Ilé tó bá ní ọmọbìnrin tó tó relé ọkọ, àfẹ́sọ́nà ọmọ náà ló máa ń ṣọ́ ọkà fún wọn. Òru mẹ́ta ni. Àgbàlagbà kan láti ilé ìyàwó a máa sùn lórí àpáta pẹ̀lú rẹ̀. Kì í ṣe pé ó wá ràn án lọ́wọ́ o, ó wá fojú rí i ni. Èèwọ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin náà kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí oòrùn tó yọ, kò sì gbọdọ̀ dá iná. Ọdún kan wà láyé àwọn baba ńlá wọn tí ẹnì kan dá iná lórí àpáta láti yá. Pòròpórò ọkà gbaná, atẹ́gùn ọyẹ́ gbé e kiri, gbogbo ìlú sì ń jẹ èsúrú títí òjò fi dé. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá dá iná lórí àpáta, ìyàwó rẹ̀ ló ti fi jóná. Àwọn àna kì í bá a jà. Wọ́n kàn máa ń dá ọtí rẹ̀ padà fún un ni.

Ọmọ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn lọ́dún tí à ń wí yìí ni Láníhùn, ọmọ olórí àwọn ahunṣọ. Òun nìkan ni bàbá rẹ̀ bí lọ́mọkùnrin, gbogbo ohun tó bá sì dára jù lórí òfì, ọ̀dọ̀ Láníhùn ló ń gbà lọ. Kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ó ti ní ẹtù méjì, sányán méjì, àlàárì kan, àti kíjìpá méjì fún iṣẹ́ oko tí kì í lọ déédéé. Ó lẹ́wà, kí a má purọ́. Bó bá ró ẹtù rẹ̀ kọjá lọ́nà odò, àwọn obìnrin tó ń pọnmi a gbàgbé pé agbè àwọn ti kún.

Ọmọbìnrin tó fẹ́ ni Àwẹ̀ró. Ó dúdú, ó ní èjí, kì í sì í tètè rẹ́rìn-ín, nítorí náà bó bá rẹ́rìn-ín, ẹni tó pa á lẹ́rìn-ín a máa rántí rẹ̀ di alẹ́. Àwẹ̀ró fẹ́ Láníhùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí aṣọ. Ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ohùn rẹ̀ ni, pé bó bá pe orúkọ òun, ó máa ń dà bíi pé wọ́n da omi tútù sí òun lẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní omi tútù lásìkò ọyẹ́, àìsàn ni wọ́n ń pe ìyẹn.

Nínú ẹtù méjèèjì tí Láníhùn ní, ọ̀kan ti kúrò ní tirẹ̀. Aṣọ ìyàwó ni. Wọ́n ti fi han bàbá Àwẹ̀ró, ó ti fọwọ́ pa á, ó ti ní ó dáa. Ọjọ́ tí wọ́n bá kó ọkà sọ̀ kalẹ̀ ni wọn yóò gbé e kalẹ̀ níwájú ẹbí, Àwẹ̀ró yóò sì di ìyàwó.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, Láníhùn gun àpáta pẹ̀lú ẹrù aṣọ lórí. Ó kó méjèèje wá, títí kan aṣọ ìyàwó, nítorí ó fẹ́ kí àgbàlagbà tí wọ́n bá rán wá rí i. Ẹni tó bá níbẹ̀ ni Ìyá Ẹfúnkẹ́, ìyá tó bí bàbá Àwẹ̀ró. Àwọn èwe ìlú ń pè é ní Ìyá Alákìísà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń gbọ́, kò kàn dá wọn lóhùn ni.

Láníhùn dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ìyá. Ẹ kú ìgòkè.”

“Òo, ọkọ ọmọ mi. Dìde.” Ìyá wo ẹrù náà. “Ọkà lo wá ṣọ́ ni àbí ọjà lo fẹ́ ná?”

“Aṣọ ni, ìyá. Wọ́n ní òtútù ibí kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọdé.”

“Wọn ò purọ́.”

“Ìyẹn ni mo ṣe kó wọn wá.” Ó tú ẹrù náà, ó ń tò wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ìyá, ẹ má bínú o, nínú ilé yín pátá, ta ló láṣọ tó báyìí? Bàbá Àwẹ̀ró gan-an, mo rò pé mo fi méjì jù wọ́n lọ.”

“O fi mẹ́ta jù ú lọ,” ni ìyá wí. “Èmi ni mo bí i, mo mọ iye aṣọ rẹ̀.”

Ìyá tú ẹrù tirẹ̀ náà. Ohun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Àkísà ni, ègé kíjìpá, ègé àdìrẹ, ègé ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́, tí wọ́n tò lé ara wọn ní ìpele márùn-ún, mẹ́fà, tí wọ́n fi òwú dídì gún pọ̀ láti etí kan dé èkejì. Ó nípọn, ó rọ̀ bọ́lọ́bọ́lọ́, ó ń rùn èéfín àti osùn. Ìyá tẹ́ ìdajì rẹ̀ sílẹ̀, ó ní ìdajì yòókù lòun yóò ṣẹ́ bo ara òun.

Láníhùn fa aṣọ rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àyè wà láàárín tiwa. Kí iná aṣọ má lọ gun tèmi.”

“Iná tó bá fẹ́ gun tìrẹ,” ni ìyá wí, “òtútù ti pa á kó tó débẹ̀.” Ó sì dùbúlẹ̀.

Láníhùn tẹ́ ẹní kan sórí àpáta. Ó dùbúlẹ̀ lé e, ó wá kó aṣọ méjèèje bo ara rẹ̀, kíjìpá lábẹ́, sányán lé kíjìpá, àlàárì lé sányán, ẹtù lé gbogbo wọn kó lè rí i bí ilẹ̀ bá mọ́. Fún ìgbà díẹ̀, ó dára. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Ó yí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tutù. Ó yí sí ẹ̀gbẹ́ òsì, òsì náà di yìnyín. Gbogbo ooru tó wà lára rẹ̀, àpáta ń mu ún lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń mu ẹ̀kọ. Ó sì ń gbọ́ Ìyá Ẹfúnkẹ́ tó ń hanrun ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ìhanrun ẹni tí ara rẹ̀ yá gágá.

Nígbà tí oòrùn yọ, Àwẹ̀ró gbé ẹ̀kọ gbígbóná gòkè wá. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ àgbà, ó gbé igbá kalẹ̀ níwájú àfẹ́sọ́nà rẹ̀.

“Báwo lòru?” ló bi í.

“Dáadáa ni.” Eyín Láníhùn ń ró kekeke.

“Mo ń gbọ́ bó ṣe dáa tó.”

Ìyá ti lọ máa yí ṣírí ọkà padà. Àwẹ̀ró rẹ ohùn sílẹ̀. “Ìyá àgbà ní ohun kan tí o ò ní.”

“Kí ni n kò ní? Mo ní ẹtù, mo ní sányán...”

“Àkísà.”

Láníhùn rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ètè rẹ̀ là nígbà tó rẹ́rìn-ín. “Àwẹ̀ró, ṣé ọkọ alákìísà lo wá fẹ́ ni?”

“Ọkọ tó gan sórí àpáta ni n kò fẹ́.” Ó gbé igbá rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Láníhùn wò ó títí ó fi wọ inú ìlú. Àwẹ̀ró kò bojú wẹ̀yìn rárá, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ọmọkùnrin náà mọ̀ pé ẹ̀rù ti ń ba ọmọbìnrin náà.

Ó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kíjìpá mẹ́rin sí i ti gòkè dé. Aṣọ mọ́kànlá ni Láníhùn fi bora ní òru kejì. Ó wúwo lórí rẹ̀ débi pé kò lè yí mọ́, ó kàn dùbúlẹ̀ gbọnrangandan bí ẹni tí wọ́n ti dì fún sàréè. Òkè gbóná. Abẹ́ kò yàtọ̀ sí ti àná, àfi bí ó ti burú jù ú lọ. Nígbà tí Àwẹ̀ró gbé ẹ̀kọ dé láàárọ̀, ọwọ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kò lè di igbá mú. Òun ló gbé e sí i lẹ́nu. Kò sọ nǹkan kan nípa àkísà lọ́jọ́ yẹn. Ohun tó sọ ni pé àwọn ará ilé Ọ̀jẹ́gbèmí, tí ọmọkùnrin tiwọn náà ń fẹ́ òun, ti ń kí bàbá òun báyìí bí wọn ò ṣe kí i rí. Wọ́n ti kí i lẹ́ẹ̀mẹta láti àná. Wọ́n bèèrè ọmọ, wọ́n bèèrè ilé, wọ́n sì bèèrè pé, “Báwo lẹni orí àpáta?”

“Kí ni bàbá dá wọn lóhùn?”

“Wọ́n ní ó ku òru kan.”

Lẹ́yìn tí Àwẹ̀ró lọ, Láníhùn rìn lọ síbi àkísà ìyá. Ìyá Ẹfúnkẹ́ wà ní ẹ̀bá ọkà, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ka ìpele rẹ̀. Ó wo bí wọ́n ṣe rán an. Ó wá dúró, ó ń ronú. Èrò náà jọ ọgbọ́n lójú rẹ̀. Àkísà ló ń móoru. Ara aṣọ ni àkísà ti ń wá. Òun sì láṣọ. Bí àkísà kíjìpá lásán bá móoru tó báyìí, àkísà sányán ńkọ́? Àkísà ẹtù ńkọ́? Ìyẹn á dà bí ààrò!

Ó mú àlàárì, ó fi eyín bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó fà á ya. Ó mú sányán méjèèjì, ó fà wọ́n ya. Ó mú ẹtù tirẹ̀, òun náà ya. Ó wá ku aṣọ ìyàwó. Ó gbé e lé orúnkún, ó wò ó pẹ́. Bí òun bá sọ̀ kalẹ̀ lálẹ́ òní, ta ni òun yóò gbé e fún? Ó fà á ya pẹ̀lú.

Àwọn obìnrin méjì tó wá fẹ́ ọkà tiwọn ló rí i. “Ẹ gbà mí o!” ni ọ̀kan ké. “Ọmọ ahunṣọ ń fa aṣọ ya! Òtútù ti wọ̀ ọ́ lórí!” Èkejì kò ké ní tirẹ̀. Ó ti ń sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ ròyìn.

Ìyá Ẹfúnkẹ́ jókòó sórí òkúta kan, ó ń wò ó títí ó fi ṣe é tán.

“Ṣé o ti parí?”

“Mo ti parí, ìyá.” Ó ń mí hẹlẹ, inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀. “Èmi náà ti ní àkísà.”

“Aṣọ yíya lo ní,” ni ìyá wí. “Àkísà kọ́.”

Atẹ́gùn tó fẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ní irú rẹ̀ kò fẹ́ mọ́ fún ọdún mẹ́wàá. Láníhùn to ègé aṣọ rẹ̀ lé ara wọn bó ti rí ti ìyá, ṣùgbọ́n kò rán wọn, ó sì tún kó wọn bo orí, ó pa kíjìpá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Aṣọ tuntun ni. Líle ti òfì ṣì wà lára wọn, wọn kò lẹ̀ mọ́ ara, wọ́n kàn ń ta gìrìgìrì. Etí wọn tú. Atẹ́gùn ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣí ewé ẹ̀kọ, ó ń gbé wọn lọ sí ìsàlẹ̀ òkè, ó ń fi wọ́n kọ́ ara igi. Nígbà tó ṣe, ọmọkùnrin náà kò mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ó fi ọwọ́ wá abẹ́ ẹní rẹ̀. Irin kékeré kan wà níbẹ̀ àti òkúta kan.

“Láníhùn.”

“Ìyá.”

“Kí lo mú dání yẹn?”

Láníhùn fi ọwọ́ bò ó.

“Mo ń bi ọ́ ni. Ojú mi ò dáa mọ́, etí mi ló kù mí kù.”

“Òkúta iná ni, ìyá.” Bó ti sọ ọ́ tán ló bú sẹ́kún. “N ó kú, ìyá. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, Àwẹ̀ró ti lọ. Bí mo bá ṣá a kó gbaná, Àwẹ̀ró ti lọ. Bí mo bá sì dúró, èmi ni n ó lọ.”

“Ta ló ní kí ẹnikẹ́ni lọ? Jù ú nù.”

Ó jù ú. Wọ́n gbọ́ bí òkúta náà ti ń yí gbirigbiri sọ̀ kalẹ̀.

“Dìde, ká tẹ́ ibùsùn.”

Ìyá mú ọ̀bẹ ìkórè, ó já òwú àárín àkísà rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì pín in sí méjì. Ó mú ìdajì, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní Láníhùn. “Òtútù kì í já bọ́ láti òkè, ọmọ mi. Abẹ́ ló ń gbà wọlé, bí olè. O ti gbogbo ilẹ̀kùn òkè, o wá ṣí ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Dùbúlẹ̀ lé e.” Ó mú kíjìpá mẹ́fà tí Láníhùn kò tíì fà ya, ó ń tò wọ́n lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. “Má fún un mọ́ra. Jẹ́ kí atẹ́gùn díẹ̀ sùn sí àárín wọn. Atẹ́gùn tó bá sùn kì í yọni lẹ́nu, èyí tó ń rìn ni kò dáa.”

Láníhùn dùbúlẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta, abẹ́ rẹ̀ kò tutù. Ara rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó ti ń gbọ̀n bí ohun tó fẹ́ dúró.

“Ìyá, aṣọ kan náà ni gbogbo wọn. Kí ló dé tí tiyín fi móoru?”

“Ibi tí ọwọ́ rẹ wà yẹn, ọ̀já tí mo fi pọn bàbá Àwẹ̀ró ni. Wá sísàlẹ̀ díẹ̀. Èyí tó le díẹ̀ yẹn, ọdún mọ́kànlá ni ọkọ mi fi lọ oko. Èyí tó wà létí, òun ni mo ró lọ́jọ́ tí mo sin ọmọ mi obìnrin. N kò ró o mọ́, n kò sì jù ú nù. Wọ́n fọ̀ wọ́n, wọ́n sá wọn, èèyàn sùn lé wọn, ọmọ tọ̀ sí wọn, wọ́n tún fọ̀ wọ́n. Gbogbo líle ara wọn ti lọ, ooru èèyàn ló kù síbẹ̀. Bàbá rẹ lè hun aṣọ fún ọ láàárín oṣù kan. Ta ló máa hun àkísà fún ọ?”

Láníhùn fọwọ́ pa ọ̀já náà.

“Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà,” ni ìyá wí, “kò lè ní àkísà bí àgbà. Sùn.”

Ọmọkùnrin náà fẹ́ sùn, àmọ́ ó gbọ́ tí ìyá ń húkọ́. Ìdajì àkísà kò tó ẹni tẹ́, kó tún tó o bora. Ìyá sì ti tẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, àgbékọ́ tó wọ̀ nìkan ló fi bo orí. Láníhùn dìde, ó mú kíjìpá mẹ́ta lára mẹ́fà, ó lọ tò wọ́n lé ìyá lórí, lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fún wọn mọ́ra.

“Ó ti ń gbọ́n,” ni ìyá sọ lábẹ́ aṣọ. “Mo ti ń retí rẹ̀.”

Oòrùn yọ, àwọn méjèèjì kò mọ̀. Nígbà tí bàbá Àwẹ̀ró àti àwọn ará ilé gòkè láti kó ọkà, Àwẹ̀ró ló ṣíwájú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yẹ kó ṣíwájú. Ó rí òkìtì aṣọ méjì tí kò mira. Ó dúró lójijì. Ìgbà náà ni òkìtì ọwọ́ ọ̀tún hanrun, tí ti ọwọ́ òsì sì dá a lóhùn. Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀ níbi tó wà. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Bàbá Àwẹ̀ró yẹ orí àpáta wò yíká. Kò rí eérú. “Kò dá iná, kò sọ̀ kalẹ̀,” ló wí. “Ó ti ṣe tirẹ̀.” Ó wá kọjú sí Láníhùn tó ti dìde tó ń nu ojú. “Aṣọ ìyàwó dà?”

Láníhùn dọ̀bálẹ̀, kò dìde mọ́.

“Mo ti gbọ́ nílé, n kò kàn gbà á gbọ́ ni. Àwa ò kọ̀ ọ́ o. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ò ní jáde nílé mi láìsí aṣọ. Àwọn ará ilé Ọ̀jẹ́gbèmí ní ẹtù nílé.”

Àwẹ̀ró dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní ẹsẹ̀ àpáta. Ó yọ ègé ẹtù kan lára ẹ̀gún. Ó ṣa òmíràn nínú koríko. Ó na ọwọ́ gun igi kan, ó já ẹ̀kẹta. Ó ń kó wọn sínú ìró rẹ̀, kò yára, kò sì wo ẹnikẹ́ni, títí ìró náà fi kún. Ó padà wá, ó kúnlẹ̀, ó kó wọn sílẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

“Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ pa á, bàbá mi, ẹ ní ó dáa. Òun náà rèé.”

“Ó ti ya.”

“Aṣọ wo ló dé ilé ọkọ tí kò ní ya?” Ìyá Ẹfúnkẹ́ ló sọ̀rọ̀ láti ibi tó jókòó sí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Eléyìí kàn tètè ya ni. Èyí tí bàbá rẹ mú wá fún èmi, ibi tó wà náà nìyẹn.” Ó na ọwọ́ sí àkísà tí ọmọkùnrin náà sùn lé. “Àbí o fẹ́ wí pé n kò ní ọkọ?”

Bàbá Àwẹ̀ró wo àkísà náà. Ó rí ọ̀já rẹ̀ níbẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀, ìyá kò wò ó. Ó ní kí wọ́n kó ọkà, kí oòrùn má lọ yan án jù. Gbogbo ilé mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní oṣù tó tẹ̀lé e. Ohun tí Àwẹ̀ró gbé lọ sílé ọkọ ni ìdajì àkísà ìyá rẹ̀ àgbà, tó fi àwọn ègé ẹtù rán ojú rẹ̀ bò. Àwọn kan rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà pé ìyàwó ahunṣọ gbé àkísà relé ọkọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọyẹ́ ọdún kejì fi dé. Ní ti Láníhùn, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìtàn náà fún ẹni tó bá bèèrè, kì í fi ti aṣọ tó fà ya pamọ́. Ọ̀já tí wọ́n fi pọn àkọ́bí wọn gbó, wọ́n rán an mọ́ ọn. Aṣọ oko rẹ̀ gbó, wọ́n rán an mọ́ ọn. Ó pẹ́ kí ó tó nípọn.

Bí òwe náà ṣe sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta nìyẹn: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn àgbà máa ń pa á fún ọ̀dọ́ tó bá ti rówó, tó ti kàwé, tàbí tó ti kọ́lé bíi tiwọn, tó wá rò pé kò sí ohun tó kù tí òun yóò bèèrè lọ́wọ́ wọn mọ́. Aṣọ ṣeé rà, ó ṣeé hun, ó ṣeé jogún, ṣùgbọ́n ọdún téèyàn lò kọjá nìkan ló ń di àkísà. Ọ̀pọ̀ ló ń gbọ́ òwe yìí bí èébú. Kì í ṣe èébú. Àgbà tó bá pa á fún ọ ti mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, ó fẹ́ já àkísà rẹ̀ sí méjì, kí ó tẹ́ ìdajì sí abẹ́ rẹ.